Ọ̀ọ́dúnrún Igi Rowan Tó Sọnù Lórí Òkè

Màmá Ishbel Gillanders ká rọ́bà tó bo igi àkọ́kọ́ sókè, igi gbígbẹ ló bá níbẹ̀. Ó ká èkejì, bákan náà ni. Ó ká wọn dé ìkẹtàlélógún, kò sí ìyàtọ̀. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ igi rowan rẹ̀, igi òkè eléso pupa wẹ́wẹ́, kú o. Ọ̀pá lásán ni, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, tí wọ́n sì tì bọlẹ̀. Kò ní gbòǹgbò kankan.

Ní àfonífojì tiwa, bí àwọn olùyọ̀ǹda bá ti gbin igi, tí wọ́n fi rọ́bà gbọọrọ bò ó nítorí àgbọ̀nrín, ẹnikẹ́ni kì í ká a títí ọdún mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ òkè wa ò láàánú. Olè tó kó àwọn igi gidi lọ mọ àṣà wa dunjú. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Màmá máa ń gun òkè lọ bá àwọn igi náà sọ̀rọ̀, torí pé ilé ti dákẹ́ jù fún un.

Murdo ọkọ rẹ̀ ló ṣa èso wọn lábẹ́ igi rowan kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lórí òkè wa, kó tó kú. Màmá fi ọdún mẹ́ta tọ́ wọn. Ìjì sì ti wó igi ìyá náà nígbà òtútù. Bí ọ̀ọ́dúnrún yìí bá sọnù, ó parí nìyẹn.

Ọlọ́pàá wa, Rhona Mackessack, lọ kanlẹ̀kùn Torquil Baine, olórí àwọn olùyọ̀ǹda. Òun ló lé gbogbo wa lọ mu tíì lọ́jọ́ ìgbìn, tó ní òun á dá gbin apá òkè. A tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀ ni wá!

"Igi Màmá dà?"

"Wọ́n kú ni. Àgbàlagbà ni, kò tọ́ wọn dáadáa."

"Ṣé òkú igi máa ń fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ ni?"

"Rhona, má fi mí ṣeré o!"

Kó tó di ọ̀sán, Torquil ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ jáde. Rhona gbé Màmá sínú ọkọ̀, wọ́n tẹ̀ lé e láti òkèèrè dé ilé ńlá tuntun kan létí adágún. Ọgbà ibẹ̀ kún fún ọmọ igi rowan tó tò lọ rẹrẹ, Torquil sì ti ń hú wọn padà sọ́kọ̀ wéréwéré. Bó ṣe rí ọlọ́pàá, ó fò sọ́kọ̀, ó sá. Ọ̀nà tóóró ni, agbo àgùntàn sì dí i pa. Ó fọn fèrè ọkọ̀ títí, àwọn àgùntàn ń wò ó.

"Mo rà wọ́n láti ìsàlẹ̀ gúúsù ni!" ló ń pariwo. "Ṣebí bákan náà ni gbogbo rowan?"

Màmá lọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù náà. Ó mú igi kan, ó rọra tú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Irun àgùntàn ló wé mọ́ gbòǹgbò, ọ̀dà búlúù tí Murdo fi ń sàmì sí àgùntàn rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Irun agbo tí Murdo sìn kẹ́yìn ni. Màmá ló fi í sísàlẹ̀ ìkòkò tó fi tọ́ igi kọ̀ọ̀kan kí omi má baà tètè gbẹ.

Torquil sorí kọ́. "Mo tà wọ́n fún onílé yẹn. Òun ò mọ̀."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi?"

"Àwọn yòókù lọ́mọ, wọ́n lẹ́bí. Mo rò pé bí ẹ bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Màmá ju olè jíjà lọ. Rhona fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa gun òkè. Igba ó lé mọ́kànlélọ́gọ́ta ló yè. Bí a ṣe gbin èyí tó kẹ́yìn, Màmá sunkún ayọ̀, ó ń pe orúkọ Murdo. Rhona fún un ní tíì.

"Màmá, ta ló ń bá yín jẹun alẹ́?"

Ó gba ife náà.

"Kò sẹ́nì kankan. Ó ti pé ọdún mẹ́rin."

Ilé mi ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí tirẹ̀. N kò lè gbójú sókè wò ó.