Géèjì Ààrẹ àti Eyín Méjì Ojú Irin

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ni, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú: kò sí iwin kankan níbi tí títì ti gba orí irin rélùwéè kọjá láàárín Ìnísà àti Òkukù. Kò sí ejò níbẹ̀ tó ń bu táyà jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ ológeere níbẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, tí kùrukùru bo irin mọ́lẹ̀, tó wá gbọ́ tí nǹkan mí "sííì" lábẹ́ òun, kò ní dúró gba àlàyé lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèkọ́lá ni ààrẹ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ológeere Ìnísà. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe fẹ̀yìn tì n'Íbàdàn, ó sì ti mọ́ ọn lára kí gbogbo nǹkan máa gba ọwọ́ òun kọjá kó tó di ṣíṣe. Nígbà tó délé tí kò rí fáìlì buwọ́ lù mọ́, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Èèyàn mẹ́tàlá ni wọ́n.

Ohun tó fi ń kọ́ ọrùn níyì ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Géèjì ni, èyí tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà. Ó tóbi tó ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀, ó ń dán bíi wúrà, okùn pupa ló sì fi so ó kọ́ àyà. Èkó ló ti rà á; ẹni tó tà á fún un ní irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò fún táyà bàálù. Ààrẹ kò bi í pé kí ni táyà bàálù kan kẹ̀kẹ́ ológeere Ìnísà.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé táyà kan kò gbọdọ̀ jáde kí ààrẹ tó wọ̀n ọ́n. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọn a tò bí ẹni tó fẹ́ gba àdúrà. Ààrẹ a bẹ̀rẹ̀, a ki ẹnu géèjì bọ ẹnu túùbù, a wo abẹ́rẹ́ rẹ̀, a sì mi orí.

"Márùndínláàádọ́ta. Ó pé."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í bá wọn tò: Fuad, télọ̀, tí kì í tètè jí. Ojú ọ̀nà ló ti máa ń sáré bá wọn. Àtàǹpàkò ló fi ń tẹ táyà tirẹ̀ wò, ààrẹ sì ti pè é ní ará oko lójú gbogbo ẹgbẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Tẹ́lẹ̀, Ìkìrun ni wọ́n máa ń gùn lọ, títì ibẹ̀ sì tẹ́jú. Nínú oṣù Kejìlá ni wọ́n dorí kọ Òkukù. Sátidé àkọ́kọ́, bí Titus, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe gba orí irin kọjá báyìí, nǹkan mí lábẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì wọlẹ̀. Wọ́n wá ìṣó, wọn ò rí. Wọ́n wá ẹ̀gún, wọn ò rí. Nígbà tí wọ́n fa túùbù jáde, ojú ihò méjì ló wà níbẹ̀, kékeré, wọ́n jókòó ti ara wọn bí ìgbà tí ejò bá fi eyín kan èèyàn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tẹ̀ síwájú.

Sátidé kejì, èèyàn mẹ́ta. Ìkẹta, márùn-ún. Ẹ̀yìn irin nígbà gbogbo, ihò méjì nígbà gbogbo. Wọ́n fún un ní orúkọ, Eléyín, nígbà tó sì yá, wọn ò pe orúkọ náà lójú ọ̀nà mọ́. "Ìyẹn" ni wọ́n ń pè é. Wọn a dé etí irin, wọn a dákẹ́, kálukú a máa fetí sí abẹ́ ara rẹ̀.

Fuad nìkan ni kò bù jẹ. Ó ń kọjá lọ, ó ń súfèé. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ẹnì kan bi í pé kí ló so mọ́ ìbàdí. Ó ní bẹ́líìtì ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ààrẹ tí kò bá ní àlàyé kì í ṣe ààrẹ. Oyèkọ́lá pe ìpàdé, ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò. Ó ní bí èèyàn bá wọ àgbàlá onílé, a máa bọ́ bàtà. Ìgbéraga ni kí a gbé táyà líle gun orí irin àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Ẹ jẹ́ kí táyà rọ̀, kí a fi tẹríba. Láti ọjọ́ náà, márùndínlógójì ni òun yóò máa wọ̀n. Gbogbo ẹgbẹ́ mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ lójú wọn.

Sátidé yẹn, ó bu èèyàn méje jẹ. Táyà iwájú Titus wọlẹ̀ lójijì bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí irin, kẹ̀kẹ́ da olùkọ́ nù sórí òkúta, eegun èjìká rẹ̀ sì kán.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá ti tán síbẹ̀, kí ẹgbẹ́ padà sọ́nà Ìkìrun. Àmọ́ oṣù yẹn gan-an ni wọ́n gbé iṣẹ́ Olúwadárasími, ọmọ kan ṣoṣo tí ààrẹ bí, lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Òkukù. Nọ́ọ̀sì ni. Owó epo ti mú kó pa ọ̀kadà tì, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn lọ lójoojúmọ́, orí irin yẹn kan náà ló sì ń gbà.

Láníkẹ́ ìyàwó ààrẹ kò pariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì Dárasími, Titus ni wọ́n gbé wálé yẹn. Ta ni yóò kàn lọ́la?"

"Èmi fúnra mi ni yóò máa wọn táyà rẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbàdúrà sí i. Márùndínlógójì. Ó pé.

Dárasími dé lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó ń ti kẹ̀kẹ́. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Dádì, ó ń bá mi rìn nínú kùrukùru yẹn ni. Bí mo bá dúró, á dákẹ́. Bí mo bá tún ti kẹ̀kẹ́ síwájú, á tún mí."

Ihò méjì. Lọ́jọ́ Túsìdeè, iwájú àti ẹ̀yìn, mẹ́rin. Oyèkọ́lá kò sùn. Ó ń rò ó pé bóyá òun ni Ìyẹn ń wá, pé ọmọ ló ń gbà kọjá.

Láníkẹ́ kò bá a rò ó. Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, ó gbé àwọn túùbù náà sínú láílọ́ọ̀nù, ó gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó di Ìkìrun, lọ́dọ̀ Bọ́sẹ̀dé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ààrẹ tẹ̀ lé e, kí wọ́n má bàa sọ pé wọ́n ṣe nǹkan lẹ́yìn òun.

Ọwọ́ bàbá Bọ́sẹ̀dé ni wọ́n ti máa ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ṣe láyé ọjọ́sí, òun ló sì jogún ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ́ túùbù sílẹ̀, ó wò wọ́n lọ bí ìyá àgbà ṣe ń wo ẹ̀wà tó fẹ́ ṣà.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ríìmù ló bù wọ́n jẹ."

Ààrẹ ní kò yé òun.

"Bàbá, tí afẹ́fẹ́ inú táyà kò bá tó, tó wá kọlu irin, ríìmù á tẹ túùbù mọ́ irin yẹn. Ríìmù ní etí méjì. Òun ló fi ń di ihò méjì. Bí táyà bá ṣe ń rọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa bù ú sí i." Ó gbójú sókè. "Ta ni kò tíì bù jẹ rí nínú yín?"

Láníkẹ́ ló dáhùn: "Fuad."

"Ta ló ń wọn ti Fuad?"

Ọkọ àti aya gbọ́ bí ọyẹ́ ṣe ń mi páànù. Ojú Bọ́sẹ̀dé sì ti kúrò lára túùbù, ó ti wà láyà ààrẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń wọ̀n lọ́wọ́ báyìí?"

"Mi ò wọn nǹkan kan."

"Ẹ wò ó, sà."

Oyèkọ́lá tẹrí ba wo àyà ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ géèjì náà wà lórí ogún.

Òótọ́ tó bẹ̀rù jù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn, orí àyà rẹ̀ ló sì ti ń gbé e kiri. Bọ́sẹ̀dé lẹ túùbù Dárasími, ó sì fún táyà rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ díẹ̀. Géèjì ààrẹ ní márùndínlógójì. Bọ́sẹ̀dé mú tirẹ̀, tó rí bíi bírò, tí owó rẹ̀ kò tó ti táyà kan: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó mú òmíràn: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni. Ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà, ó fi ìka han ààrẹ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá, láti ogójì dé márùndínláàádọ́rin, pẹ̀lú lẹ́tà PSI, ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, nídìí rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀wá. Fuad kò kà á o, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ kò parọ́ fún un tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko, lọ síbi iṣẹ́, tàbí tí ọmọ yín ń gùn ún lọ ilé ìwé, ẹ gbọ́ ohun tí Bọ́sẹ̀dé sọ. Kí ẹ tó ra géèjì, ẹ wò ó nígbà tí kò kan nǹkan kan: orí òdo ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ fi wọn táyà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá ń sọ ohun mẹ́ta, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ fi wé ti ẹlòmíràn kí ẹ tó gbà á gbọ́. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ dé igba, ti ọkọ̀ ńlá ni. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀ kékeré tó wà nínú táyà kẹ̀kẹ́. Ẹnu túùbù kan fẹ̀, òmíràn tín-ín-rín, ẹ mú kẹ̀kẹ́ yín dání lọ sí ọjà kí ẹ lè mọ èyí tó bá a mu. Bí géèjì bá jábọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ tún un dán wò. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni kí ẹ tẹ̀ lé, àárọ̀ tí táyà ṣì tutù ni kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Dídán kọ́ ni pípé. Géèjì oníbírò tó ń sọ òótọ́ sàn ju oníwúrà tó ń purọ́ lọ.

Láti Tọ́sìdeè, Dárasími ń gba orí irin kọjá, kò sì gbọ́ nǹkan kan àfi agogo kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

Ní Sátidé, ìpàdé kún ilé ààrẹ. Titus wá tòun ti apá tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn. Oyèkọ́lá dìde, ó ní òun ti yanjú ọ̀rọ̀ náà: géèjì ló yingin. Ó fi kún un pé géèjì náà kò ní àbùkù kankan tẹ́lẹ̀; ọjọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé Titus dìde ló fi ara gbá irin, Ìyẹn ló sì bà á jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ mi orí. Ojú àwọn kan tilẹ̀ tún ti ń padà sọ́dọ̀ Fuad.

Láníkẹ́ ń wo ògiri lókè orí ọkọ rẹ̀, níbi tí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wà, èyí tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì gbé kọ́ sínú yàrá wọn látìgbà náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù náà gbójú sókè.

Nínú fọ́tò yẹn, géèjì kò kan nǹkan kan àfi aṣọ àyà ààrẹ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lórí ogún.