Kásẹ́ẹ̀tì Sódìq

Kásẹ́ẹ̀tì ogójì ló wà nínú páálí náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni olè mú.

"Èyí tí ohùn Sódìq wà nínú ẹ̀ ni," Ràfíátù wí.

Aránṣọ ni Ràfíátù, ní Ìwó. Ọdún kẹta rèé tí àbúrò rẹ̀, Sódìq, ti kú sínú ìjàǹbá ọ̀kadà lọ́nà Kuta. Orin onígìtá líle àwọn òyìnbó, tí wọ́n ń pè ní hẹ́fì mẹ́tà, ni ọmọ náà fẹ́ràn. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣàlàyé àwọn ẹgbẹ́ olórin tó fẹ́ràn jù. Kò sí ọjọ́ kan tí Ràfíátù kì í gbọ́ ọ nídìí máṣíìnì.

Àrínọlá, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, ló wá bá a wá a. Ó wo rédíò. Wọ́n ti yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì ńlá mẹ́rin ló bá níbẹ̀.

"Ìwọ lo ki bátìrì sí i?"

"Rárá, mà. Iná ni mo fi ń lò ó. Láti àná tí mo ti lọ sí Olúpọ̀nnà ni wọ́n sì ti mú iná lọ."

"Ta ló máa ń bínú sí orin yìí?"

"Alfa Abdulqowiyy. Ilé kéú wọn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yẹn."

Abdulqowiyy kò sẹ́. "Ariwo náà ń da àwọn ọmọ kéú láàmú, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ kásẹ́ẹ̀tì kan yàtọ̀ sí èkejì."

Àrínọlá gbà á gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ì bá gbé páálí náà lódindi.

Peter, ọ̀rẹ́ Sódìq, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bẹ Ràfíátù pé kó yá òun.

"Kí ló dára nínú ẹ̀?" Àrínọlá bi í.

Ojú Peter tàn. "Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ti Black Sabbath, mà. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ gé orí ìka onígìtá wọn. Ó fi ike ṣe ìbòrí fún ìka, ó dẹ okùn gìtá kó má baà ni ín lára, ni ohùn bá wúwo bí òkúta. Ti Iron Maiden ńkọ́? Gìtá wọn ń sáré bí ẹṣin."

"Báwo lo ṣe ń gbọ́ ọ?"

"Àfi kí ògiri máa mì, mà. Ẹni tó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ò tíì gbọ́ ọ."

Àrínọlá padà sílé Ràfíátù. Hàbíbátù, ìyá Ràfíátù àti Sódìq, tó wà nílé nígbà tí Ràfíátù lọ sí Olúpọ̀nnà, jókòó sórí ẹní.

"Ìyá Ràfíátù, ẹ jẹ́ n fi tọ́ọ̀ṣì yín wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ìyá náà kò mira. Àrínọlá mú tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Ó fúyẹ́. Inú rẹ̀ ṣófo.

"Bátìrì yín ló wà nínú rédíò, mà. Ẹ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé orin kọ́ lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gbọ́ ọ. Ẹ dá kásẹ́ẹ̀tì náà mọ̀, torí ojú yín ni Ràfíátù ṣe ń kì í bọ rédíò lójoojúmọ́."

Hàbíbátù fà á yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Mo fẹ́ dáná sun ún ni," ó wí. "Ohùn tèmi ló wà níparí ẹ̀. Èmi ni mò ń ké mọ́ ọn pé kó pa ariwo yẹn, kó lọ bá mi gbé gàrí wá ní Kuta. Ó ní òjò ti ṣú. Mo ní, ṣé iyọ̀ ni ẹ́ ni? Ó bá lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbọ́ bí mo ṣe rán ọmọ mi lọ. Mo ní kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó sun ún. Ohùn ẹ̀ ò jẹ́ kí n lè ṣe é."

Ràfíátù kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Ohùn tiẹ̀ nìkan ni mò ń fetí sí. Mi ò rò ó rí pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ tiyín."

Àrínọlá rọra jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé.

"Ó ku ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ nígbà tí mo pè é," Hàbíbátù wí. "Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ǹjẹ́ o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Sọ ọ́ fún mi."