Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Tí Ẹnu Mọ́ṣúdù Fi Wọ́

Sìmbíátù ń bu kókó, ẹ̀kọ mímu, fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Sókótó nígbà tí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Mọ́ṣúdù fẹ́ mú un, ọwọ́ ọ̀tún kò gbé.

"Bàbá Ayọ̀fẹ́, kí ló dé?"

Ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu Mọ́ṣúdù bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àyà Sìmbíátù já. Ó dì í mú kó má baà ṣubú.

Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnu ti tọ́, ọwọ́ ti ń gbé nǹkan.

"Da sauki, ó ti fúyẹ́," Mọ́ṣúdù ní, ara ti yá. "Ó kàn rẹ̀ mí ni." Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀. Télọ̀ ni ní Kofar Rini, aṣọ ìyàwó kan sì wà tó fẹ́ gbé dé Wamakko kí oòrùn tó mú.

Ọkàn Sìmbíátù kò balẹ̀. Ó pe Kíkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì. Kíkẹ́ ní kí Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín, kó gbé apá méjèèjì sókè, kó sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ dára.

"Ṣé o rí i?" Mọ́ṣúdù sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Bọ̀dá, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," Kíkẹ́ ní. "Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ yín fúngbà díẹ̀. Ó ti ṣí, àmọ́ rọpárọsẹ̀ gidi lè tẹ̀ lé e, pàápàá láàárín ọjọ́ méjì sí òní. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ọsibítù."

"Tí mo bá ti Wamakko dé."

Sìmbíátù gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò ṣe irú ẹ̀ rí.

"Tó bá tún mú yín lórí ọ̀nà ńkọ́? Ẹ bínú sí mi tó bá wù yín."

Mọ́ṣúdù fi aṣọ ìyàwó náà sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́.

Ní ọsibítù, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga gan-an. Wọ́n yẹ ṣúgà àti ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Dókítà Àbùbákàr bi í léèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti fún un rí.

"Mo ti fi í sílẹ̀ látìgbà ààwẹ̀," Mọ́ṣúdù ní. "Ara mi le."

Sìmbíátù wolẹ̀. Àràárọ̀ ló ń bi ọkọ rẹ̀ léèrè oògùn náà, Mọ́ṣúdù a sì dá a lóhùn pé òun ti lò ó.

Ọpọlọ kò tíì bàjẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n dá a padà sórí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Ojú Sìmbíátù ló ti ń lo oògùn, síbẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń wò.

Ẹ̀yin ará, bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ tàbí ojú kan bá ṣókùnkùn, ẹ wo aago kí ẹ lè mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn kankan fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kó wakọ̀. Bí àmì náà bá tiẹ̀ ti lọ kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara yá.