Ọkọ́ Lọ́wọ́ Ògbufọ̀

Ìdí ọkùnrin náà ni Àpọ̀kẹ́ kọ́kọ́ rí. Ó ń ti odò bọ̀, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀, ọrùn ń ro ó, ló bá bá ẹnì kan tó wọ ṣòkòtò péńpé kakí, tó dojú dé ilẹ̀ sẹ́nu ilé ìdáná ìyá rẹ̀, tó ń fi okùn wọn ààrò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí lẹ sọ nù sínú eérú wa?"

Ọkùnrin náà fò dìde, ó forí sọ igi àjà, eérú bo gbogbo imú rẹ̀. Ojú tì í bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìṣaasùn ọbẹ̀. "Ẹ má bínú. Mùsé, òyìnbó tí mò ń bá ṣiṣẹ́, ló ní kí n wọ̀n ọ́n."

"Ṣé wọ́n fẹ́ rán aṣọ fún un ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà. Àpọ̀kẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Omi ṣì wà lórí rẹ̀, ẹni tó dí ẹnu ọ̀nà ò sì rántí kúrò.

Gilbert lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Honorine ni, opó kan tó ń ta aṣọ ní Atakpamé, tí kì í pa Máàsì ọjọ́ Àìkú jẹ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn fadá ni Gilbert ti kọ́ Faransé, òun ló sì sọ ọ́ di ògbufọ̀ fún òyìnbó kan tó gba ilé sí abúlé àwọn Àpọ̀kẹ́ lápá Elavagnon. Òyìnbó yìí kì í ṣe fadá, kì í ṣe oníṣòwò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ayé: bí wọ́n ṣe ń dáná, bí wọ́n ṣe ń fẹ́yàwó, bí wọ́n ṣe ń jà tí wọ́n sì ń parí ìjà. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe nǹkan, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, yóò máa wò, yóò máa béèrè, Gilbert yóò sì máa túmọ̀.

Kò sẹ́ni tí ìbéèrè wọn sú tó Àpọ̀kẹ́.

"Mùsé ní kí ló dé tí obìnrin kì í fi í jókòó sórí odó?"

"Nítorí pé a kì í jókòó sórí odó."

"Ó ní kí nìdí rẹ̀."

"Ẹ sọ fún un pé ìdí tirẹ̀ ni kó mójú tó."

Gilbert bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó béèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Gilbert wá ọ̀nà tí yóò gbà fi Faransé sọ ọ́, kò rí i, ó kàn ń làágùn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí òyìnbó bá sun oorun ọ̀sán, Gilbert a tún padà wá, a ní ó ku nǹkan kan tí òun gbàgbé láti béèrè. Àpọ̀kẹ́ a lé e: "Ọ̀gá Ògbufọ̀, ẹ jẹ́ kí n gúnyán mi." Kò ní í lọ. Yóò jókòó tì í, yóò máa bá a bó iṣu, ìdajì iṣu á bá èèpo lọ. Nígbà tó lọ wo ìyá rẹ̀ ní Atakpamé tí kò tètè dé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Àpọ̀kẹ́ sí òjò, inú ń bí i sí ewúrẹ́, inú ń bí i sí ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ń gbà á bọ̀. Ohun tó ń ṣe é wá yé e. Ìyẹn gan-an ló wá bí i nínú jù.

"Mo fẹ́ bá Baba sọ̀rọ̀," ni Gilbert wí nígbà tó dé.

"Lórí ààrò ni, àbí lórí odó?"

"Lórí rẹ, Àpọ̀kẹ́."

Ṣùgbọ́n Fágbénró, bàbá rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Abọ̀gún ni Fágbénró, kò sì fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún ọmọ fadá. "Ẹni tó ń ka ilé onílé lónìí," ó ní, "àwọn ará ilé ni yóò kà lọ́la." Àpọ̀kẹ́ pòṣé. Ó ní bàbá òun kàn ń wá ọ̀rọ̀ ni.

Àṣé àgbà ti rí nǹkan. Nígbà tí ìgbà ebè kíkọ dé, òyìnbó ní òun fẹ́ mọ gbogbo ọkùnrin tó wà nílé kọ̀ọ̀kan, orúkọ wọn àti bí wọ́n ṣe dàgbà tó. Gilbert lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì dá a lóhùn nítorí pé ọmọ ilẹ̀ ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ọlọ́pàá kòmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè náà, fi dé, tí wọ́n ń pe orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn. Òkè, àbúrò Àpọ̀kẹ́, wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀nà tipátipá lápá Anié. Oko Fágbénró wà nílẹ̀ láìkọ, ẹsẹ̀ bàbá ò sì gbé e mọ́.

Àpọ̀kẹ́ lọ bá Gilbert lábẹ́ igi odán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. "Ìwọ lo tà wọ́n!"

"Mi ò mọ̀, Àpọ̀kẹ́. Mo búra. Mùsé ló lọ bá kòmándà jẹun, ó sì kó gbogbo ohun tí mo túmọ̀ fún un hàn án. Mo bi í léèrè, ó ní ìmọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́. Mo ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀."

"O fiṣẹ́ sílẹ̀! Ṣé ìyẹn máa kọ ebè? Ṣé ó máa gbé Òkè wálé? Ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀! Òun nìkan lo mọ̀!"

Gilbert yí padà. Ó kọrí sí ọ̀nà Anié.

Òkè ló padà wálé, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ògbufọ̀ ló gba ipò mi," ó ní. "Alábòójútó wọn ò janpata. Ó ní orí lòun ń kà, òun ò ka ojú."

Àpọ̀kẹ́ jókòó sílẹ̀, ó tún dìde, ó ń ráhùn bó ṣe ń gúnyán, ó ń ráhùn bó ṣe ń dì í. Nígbà tó fi dé Anié, ó bá Gilbert nínú kòtò, ó di ọkọ́ mú bí ẹni di kálámù mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó.

"Ta ló ní kó o máa ṣe báyìí?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kọ́! Irọ́ lo pa! Mú ọwọ́ wá."

Ó ya etí ìró rẹ̀, ó fi òrí pa ọwọ́ náà, ó dì í. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń bú u lọ. "Aláìgbọ́n. Olóríkunkun. Jẹun."

Orí ìyẹn ni Honorine bá wọn. Ìròyìn ti kàn án ní Atakpamé. "Ìwọ lọmọ abọ̀rìṣà tó sọ ọmọ mi di ẹrú ọ̀nà?"

Àpọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ bí i. Ṣé bó ṣe ń ṣe láti kékeré rèé, tí kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó ki orí bọ nǹkan?"

Honorine wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó wo ìró ọmọbìnrin náà tó ya. Ó mí kanlẹ̀. "Láti kékeré ni, ọmọ mi. Ó ti fẹ́ẹ̀ pa mí." Ó jókòó tì wọ́n, ó ní kí wọ́n bu iyán fún òun.

Nígbà tí wọ́n tú àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà sílẹ̀, Gilbert lọ síwájú Fágbénró. Bàbá ò fún un níjòókòó. Ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ọwọ́ yìí ò tíì di ọwọ́ àgbẹ̀," ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ọ̀dàlẹ̀. Jókòó."

Ìjà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Honorine ní ṣọ́ọ̀ṣì, Fágbénró ní iwájú àwọn baba ńlá. Wọ́n fà á títí Àpọ̀kẹ́ fi jáde sáàárín wọn. "Ẹ dákun! Ẹ jẹ́ kí Baba súre fún wa nílé. Màá máa kọ́ ẹ̀kọ́ katikísì, bí fadá bá ní mo mọ̀ ọ́n, ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá tún sọ̀rọ̀, màá bá a lọ lónìí láìsí ìkankan!"

Bàbá súre.

Nígbà tí Àpọ̀kẹ́ mọ katikísì tán, ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n sì máa gbé ní Atakpamé, ẹrù Gilbert àti ti Àpọ̀kẹ́ wà lórí wọn, oòrùn ń mú, ọ̀nà gùn. Àpọ̀kẹ́ ti ráhùn nípa òkúta, ó ti ráhùn nípa bàtà. Gilbert dúró dè é.

"Ṣé o ò kábàámọ̀, olówó orí mi?" ni Àpọ̀kẹ́ béèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "O mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ bí."

"Mo mọ̀."

"Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní í bínú. Inú lè máa bí mi lójoojúmọ́." Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ tó ti le mú. "Ṣùgbọ́n nílé rẹ ni n ó ti máa bínú."