Bàtà Adájọ́

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un bó ṣe ń kú.

Ọkùnrin náà ń mì dirodiro lórí ìtàgé nínú aṣọ dúdú adájọ́ tó gùn bo ẹsẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n dúńbú. Èrò dìde. Wọ́n ń súfèé. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń gba ojú fèrèsé gíga gbọ̀ngàn náà wọlé, eruku ń jó nínú rẹ̀. Kí aṣọ ìkélé tó wálẹ̀, ẹsẹ̀ ti dákẹ́.

Adájọ́ ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọdún méjìlá ló fi ṣe adájọ́ burúkú nínú eré kan ṣoṣo, adájọ́ tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó ilé tálákà, tí àwọn onílé wá so kọ́ níkẹyìn. Kì í ṣe eré lásán. Lọ́dọọdún ni katakata Alákòóso ìlú ń wó lára àwọn ilé etí omi. Ọ̀wọ́ ilé kan ṣoṣo ló kù, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì dá fún un.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin Awádìí, ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá tú ọ̀ràn ikú náà, ń gbé nínú ọ̀wọ́ yẹn. Ó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà.

"Àbúrò mi," ó wí nígbà tí Awádìí dé, "mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí." Ó ń nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ìró, ó ń nù ún, kò dáwọ́ dúró.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ìlú fi ní Alákòóso ló pa á. Ìgboro kún fún ìwọ́de. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, Alákòóso ti kéde pé òun dá ìwólé dúró ná.

Awádìí ti gun orí ìtàgé ní tiẹ̀. Lẹ́yìn àga gíga adájọ́, ó rí bàtà òsì kan. Ó jù ú sápò, kò sọ fún ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ló pe Baba Okùn, bàbá tó ń fa okùn nínú eré náà.

"Baba, báwo lẹ ṣe ń so èèyàn kọ́ tí kì í kú?"

"Irọ́ ni okùn ọrùn," ni baba náà wí. "Bẹ́líìtì awọ wà lábíyá rẹ̀, nínú aṣọ. Okùn ẹ̀yìn la fi kọ́ ọ, òun ló ń gbé e. Mo so aṣọ pupa mọ́ okùn yẹn. Mo máa fà á títí aṣọ pupa á fi kan irin, mo bá ta kókó. Ọdún méjìlá, kò yẹ̀ rí."

"Bó bá yẹ̀ ńkọ́?"

"Á ta bàtà òsì dànù. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, kó lè pariwo. Ògiri lèmi ń kọjú sí."

"Ẹ wo okùn yín."

Okùn ti dọ̀tí, àfi ojú kan tó mọ́, tó funfun bí ibi tí òrùka ti bọ́ lára ìka. Ó jìnnà sí aṣọ pupa tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

Baba Okùn wò ó. Ó jókòó sílẹ̀. "Wọ́n ti sún un. Okùn ẹ̀yìn ò fà tán, okùn ọrùn ló gbé e. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi pa á."

Ohun tí ìlú náà ń wí nìyẹn. Wọ́n ti ń pè é ní ẹrú Alákòóso. Wọ́n ti sọ òkúta lu òrùlé rẹ̀, ọ̀kan sì bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú.

Ìyàwó Adájọ́ ló ń rán aṣọ eré. Kò gbójú sókè kúrò lórí abẹ́rẹ́.

"Níbo lẹ wà nígbà tó ń kú?" ni Awádìí bi í.

"Ẹ̀yìnkùlé. Mò ń sunkún."

"Kí ló dé?"

"Ó ní eré tán. Alákòóso ti ní kó wá máa ṣe agbẹnusọ òun. Mo ní kó má débẹ̀, ó gbá mi létí. Mo wá ní kó lọ rí ẹlòmíì tó máa ṣọ́ bàtà." Ó já òwú. "Ó rí i, àbí?"

"Ta ló tún mọ̀ pé ó ń lọ?"

"Ọ̀gá Eré nìkan. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló sọ fún un."

Ọ̀gá Eré, tó kọ eré náà, tó sì ń darí rẹ̀, fa àga fún Awádìí.

"Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, létí ilẹ̀kùn. Ohun tí gbogbo ayé rí ni mo rí. Ó ta bàtà dànù, Baba Okùn ò kọbi ara sí i. Ogbó ti dé sí baba yẹn. Ẹ ṣàánú rẹ̀."

Awádìí dìde. Ó rìn lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó jókòó létí ilẹ̀kùn, ó wo iwájú. Àga adájọ́ bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó padà wá, ó gbé bàtà kalẹ̀.

"Ẹ̀yìn àga ló bọ́ sí. Látìgbà náà, àpò mi ló wà. Ìyàwó ò sí níbẹ̀. Baba kọjú sógiri. Ẹni tó dúró sípò ìyàwó nìkan ló lè rí i. Ẹ̀yin lẹ sún aṣọ pupa. Ẹ dúró, ẹ wo bàtà, ẹ panu mọ́."

Ọ̀gá Eré wo bàtà náà pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọdún méjìlá la fi kiri i. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á relé, katakata á wólé. Ẹni tó sì ń ṣe adájọ́ fún mi fẹ́ lọ di ẹnu Alákòóso. Mo ní kó kúkú wúlò fún wa lẹ́ẹ̀kan. Òkú kan ṣoṣo, katakata dúró." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n yín ń gbé etí omi, àbí? Ẹ bá ju bàtà yẹn sódò."

"Baba Okùn ńkọ́?"

"Baba Okùn ti dàgbà."

Awádìí mú bàtà. Ó mú Ọ̀gá Eré pẹ̀lú.

Ọjọ́ kejì ni ìlú gbọ́ pé kì í ṣe Alákòóso ló pa Adájọ́. Ìgboro dá. Ọjọ́ kẹta, katakata dé.

Awádìí sáré débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ nínú eruku, ó ru tìmùtìmù, ó fi ọwọ́ kan di ìkòkò mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n bá yín rù ú."

Obìnrin náà dúró. Ó sọ tìmùtìmù kalẹ̀, ó gbé ìkòkò lé e. Ó wo àbúrò rẹ̀ lójú, ó pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òṣèré.

Ó tún gbé ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.