Lẹ́tà Mẹ́rin Tí Olóòtú Kò Tẹ̀ Jáde

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2024, ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀, báálù kékeré kan tí wọ́n ń fi rímóòtù darí já láti òkè ní pápá tó wà lẹ́yìn ìlú Ìkẹ́nnẹ́, ó sì gbá Bàbá Fábíyìí lójú ọ̀tún. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni bàbá náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Orí àga onírọ́bà ló jókòó sí, ó ń wòran bíi gbogbo èèyàn. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ ti rin bùbá rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí.

Ẹni tó ń darí báálù náà ni Oyèrónkẹ́, tíṣà ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlíṣàn. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníbáálù Rẹ́mọ ló ń ṣe ìdíje lọ́jọ́ náà, méjìlélógún nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn òǹwòran.

Inspẹ́kítọ̀ Moríyọ̀ Àjàyí dé láti àgọ́ ọlọ́pàá Ṣàgámù kí aago méjìlá tó lù. Ó rí ẹ̀jẹ̀, ó rí obìnrin tó di rímóòtù mú, kò sì bèèrè ju ìbéèrè kan lọ. Ó ní kí Oyèrónkẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀, kó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó àfọ́kù báálù náà sínú àpò ìrẹsì kan, ó rán ẹnu rẹ̀, ó sì fi òǹtẹ̀ dì í kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ohun méjèèjì tó ṣe lọ́jọ́ yẹn, ìkejì nìkan ni ojú kò tì í fún nígbẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó ní àwọn yóò dúró de ìwádìí ọlọ́pàá. Bí ọlọ́pàá bá rí i pé àìbìkítà Oyèrónkẹ́ ló fọ́ ojú bàbá náà, kó má padà wá síṣẹ́ mọ́. Moríyọ̀ ka lẹ́tà náà fún un ní àgọ́, ó sì fún un ní àga.

"Tíṣà, ẹ sọ bó ṣe rí."

"Màdámù, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló fi fò dáadáa. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní kó lọ sókè, ó kọrí sísàlẹ̀. Mo yí i sósì, ó lọ sọ́tùn-ún."

"Ṣé bátìrì kọ́ ló kú?"

"Bí bátìrì bá kú, kò ní gbọ́ tẹnikẹ́ni. Èyí ń gbọ́ràn sí ẹnìkan lẹ́nu. Kì í ṣe èmi."

Oyèrónkẹ́ ṣàlàyé. Tòkunbọ̀ àtijọ́ ni gbogbo rímóòtù ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà dé inú báálù, ọ̀nà náà sì ní nọ́ńbà. Irin kékeré kan tí kò ju kóró ẹ̀wà lọ, tí wọ́n ń pè ní kírísítà, ni wọ́n ń kì bọ inú rímóòtù láti yan ọ̀nà. Bí ẹni méjì bá tan rímóòtù lórí ọ̀nà kan náà, báálù tó wà lókè yóò já ni dandan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní pátákó kan ní pápá, tí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ há, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára. Ẹni tó bá fẹ́ fò yóò mú pẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, yóò fi há ọrùn aṣọ. Títí tí yóò fi dá a padà, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lo ọ̀nà yẹn.

"Ogún ni tèmi. Ọrùn aṣọ mi ló wà nígbà tí ẹ mú mi."

Òótọ́ ni. Pẹ́ẹ̀gì náà wà nínú àpòòwé tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí.

"Ta ló kórìíra yín nínú ẹgbẹ́?"

"N kò mọ ẹni tó kórìíra mi. Ẹni tí kò dá mi lóhùn ni mo mọ̀."

Ẹgbẹ́ náà ní ìwé ìròyìn kan, *Ìyẹ́ Kékeré*, tó ń jáde ní Ṣàgámù lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá, olóòtú rẹ̀ tẹ àwòrán báálù kan jáde tó pè ní Lékeléke, kí àwọn òǹkàwé lè kan tiwọn. Gbogbo ẹni tó kàn án ló ṣòfò. Yóò gbéra dáadáa, yóò sì fi ìdí já sílẹ̀. Oyèrónkẹ́ wọ̀n ọ́n, ó rí i pé ìrù rẹ̀ wúwo jù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ̀wé sí ojú ewé tí àwọn òǹkàwé ti ń sọ̀rọ̀. Kò sí ìkankan tó jáde. Nínú ìkẹrin, ó kọ ọ́ pé òun ti ki òjé àwọ̀n ẹja mẹ́ta sí imú Lékeléke tòun, òun fi gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà bò ó, òun yóò sì gbé e wá sí ìdíje.

"Ta lẹ tún sọ ọ̀rọ̀ òjé yẹn fún?"

"Kò sí, màdámù. Ẹni tó ya àwòrán ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́. N kò fẹ́ dójú tì í láàrin ẹgbẹ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, dókítà sọ fún Moríyọ̀ pé ojú ọ̀tún Bàbá Fábíyìí kò lè ríran mọ́. Ó padà sí àgọ́, ó lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àpò ìrẹsì náà, ó ní kí oníwáyà kan wọn bátìrì báálù. Bátìrì náà kún. Moríyọ̀ dí ihò náà padà, ó sì lọ sí Sábó, sí yàrá méjì tó jẹ́ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà.

Ọ̀gbẹ́ni Fámúyìwá ni olóòtú, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń pè é ní Ẹnjiníà.

"Ẹ jókòó, màdámù. Àmọ́ kì í ṣe sórí ìyẹn o, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ṣàárẹ̀."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣé àwọn òǹkàwé máa ń kọ̀wé sí yín?"

Ojú rẹ̀ tàn. Ó gbé fáìlì kan sílẹ̀. Lẹ́tà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń yin Lékeléke. Èyí wá láti Ògìjó, èyí láti Àkàkà, èyí láti Ìpẹru. Ìkankan kò ní àpòòwé. Moríyọ̀ kọ orúkọ mẹ́ta àti àdírẹ́sì wọn sílẹ̀.

"Tíṣà Oyèrónkẹ́ ní òun kọ mẹ́rin."

"N kò rí ìkankan. Ọwọ́ dẹ́rẹ́bà ló ń fi wọ́n rán, ẹ kúkú mọ ìṣe àwọn dẹ́rẹ́bà."

"Kí lẹ rò pé ó mú báálù rẹ̀ já?"

"Àfojúdi ni. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Èmi ya àwòrán, òun ní òun yóò tún un ṣe. Ẹni tó ki òjé mẹ́ta sí báálù nímú, kí ló ń retí? Òkúta ló sọ ọ́ dà."

Moríyọ̀ kò yí ojú padà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin náà fò lọ́jọ́ yẹn?"

"Rárá. Ọ̀nà Ọgbọ̀n ni tèmi, n kò tilẹ̀ mú pẹ́ẹ̀gì. Rímóòtù mi nìyẹn nínú àpò." Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, kò bojú wò ó. Àpò dúdú kan ló wà ní kọ̀rọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹrẹ̀ pupa pápá Ìkẹ́nnẹ́ sì ti gan mọ́ síìpù àpò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọlọ́pàá tí Moríyọ̀ rán sí Ògìjó, Àkàkà àti Ìpẹru padà dé. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀. Ní ọ̀sán, Moríyọ̀ lọ bá Kàúsárà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìlíṣàn, tó ń tọ́jú pátákó pẹ́ẹ̀gì.

"Aǹtí, èmi ò mọ nǹkan kan o. Pẹ́ẹ̀gì ni mò ń ṣọ́. Pẹ́ẹ̀gì ò sì lẹ́nu."

"Ìwọ lẹ́nu. Ta ni o rí tó tan rímóòtù láìmú pẹ́ẹ̀gì?"

Kàúsárà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹnjiníà. Wọ́n dúró sẹ́yìn mọ́tò wọn, wọ́n ti fa eríà rímóòtù wọn síta. Mo ní, 'Dádì, ẹ ò mú pẹ́ẹ̀gì.' Wọ́n ní eruku làwọn ń nù."

"Ṣé báálù Tíṣà ti já nígbà yẹn?"

"Ó ṣì wà lókè. N kò tíì yíjú tán tó fi já."

"Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ orúkọ mi sínú ìwé, Aǹtí. Ìyá mi gé ojú ewé náà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Lánàá, ẹgbẹ́ kọ̀wé pé kí wọ́n yọ Tíṣà kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo fọwọ́ sí i."

Moríyọ̀ kò bá a wí. Kò rí ẹnu tí yóò fi bá a wí.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá jọ sí pápá, ó sì mú Oyèrónkẹ́ wá. Ó ní kí Fámúyìwá gbé àpò rímóòtù rẹ̀ dání. Ó tẹ́ tábìlì kan, ó já òǹtẹ̀ àpò ìrẹsì lójú gbogbo wọn, ó fi ọ̀bẹ la imú Lékeléke. Òjé mẹ́ta jábọ́ sórí tábìlì.

"Ta ló mọ̀ pé òjé wà níbí kí n tó là á?"

Moríyọ̀ gbé òjé kan sókè.

"Gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà ló bò ó. Inú lẹ́tà kan ṣoṣo ló ti sọ ọ́. Ẹnjiníà ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan, síbẹ̀ àwọn ló ka òjé náà fún mi lọ́jọ́ Ajé: mẹ́ta."

"Ọ̀rọ̀ ń rìn, màdámù," ni Fámúyìwá wí. "Èèyàn máa ń gbọ́ nǹkan."

"Ó dáa, sà. Ẹ tan rímóòtù yín."

"Bátìrì rẹ̀ ti kú."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Kò ṣí àpò náà. Moríyọ̀ ló ṣí i, ẹrẹ̀ gbígbẹ já bọ́ lára síìpù. Oníwáyà tó wọn bátìrì náà sì so ẹ̀rọ inú báálù mọ́ ìrù tó ṣẹ́ kù lójú wọn. Moríyọ̀ gbé rímóòtù fún Kàúsárà, Kàúsárà sì tàn án. Ìrù náà mì lórí tábìlì. Ó yí i sósì, ìrù yí sósì. Ó yí i sọ́tùn-ún, ìrù tẹ̀ lé e.

"Ẹ ní Ọgbọ̀n ni tiyín. Ogún ni ìrù yìí ń gbọ́."

Moríyọ̀ yọ kírísítà náà, ó sì gbé e yíká kí wọ́n lè rí nọ́ńbà ara rẹ̀.

"Ẹrẹ̀ tó gan mọ́ síìpù lọ́jọ́ Ajé ló sọ fún mi pé wọn kò tíì ṣí àpò náà láti ọjọ́ Àbámẹ́ta," ni Moríyọ̀ sọ fún wọn. "Ọ̀daràn tó gbówọ́ ì bá ti yọ kírísítà yìí sọ nù kó tó délé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń tì kò lè bojú wo ohun tó fi ṣe é. Ẹ̀yìn ni Ẹnjiníà kọ sí i ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ wọn."

Fámúyìwá jókòó sórí koríko. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Mo rò pé inú koríko ló máa já sí. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé àtúnṣe rẹ̀ náà já. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni mo fi tàn án."

"Ẹ ti mọ̀ pé òótọ́ ni Tíṣà kọ?"

"Láti lẹ́tà àkọ́kọ́. Inú ìwé òyìnbó kan ni mo ti da àwòrán náà kọ. Íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, mo yí i sí sẹ̀ǹtímítà, mo ṣì í níbi apá. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo lọ, màdámù. Ọdún mẹ́fà, n kò yege. Àwọn wọ̀nyí ló sọ mí ní Ẹnjiníà. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ pé n kò mọ rúlà í kà? Ikú yá jẹ̀sín."

"Ẹ̀sín tiyín lẹ̀ ń sá fún, ojú olójú lẹ fi dí i."

Moríyọ̀ ṣí ìwé tó fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Lẹ́tà mọ́kànlá inú fáìlì ńkọ́?"

Ẹni tó bá wo Fámúyìwá yóò rò pé èyí tilẹ̀ nira fún un ju ti ojú lọ.

"Èmi ni mo kọ wọ́n. Kò sí òǹkàwé kankan tó yìn ín."

"Èmi náà lọ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́," ni Moríyọ̀ wí. "Ní Mákun, ọdún mẹ́rin. Máìlì mẹ́ta ni mo ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wo ilẹ̀. Ẹnìkan nínú wọn fẹ́ kí Oyèrónkẹ́, ó na ọwọ́, ó tún fà á padà. Moríyọ̀ dúró níwájú Oyèrónkẹ́.

"Tíṣà, ohun tí mo ṣe fún yín ní pápá yìí kò dára. Mo ti dájọ́ kí n tó bèèrè. Ẹ forí jì mí."

"Mo ti gbọ́, màdámù. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló rí i. Ẹ kò lè gbà á padà lójú wọn."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Moríyọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀, ó ká a, ó sì dá a padà.

"A dúpẹ́, màdámù. Àmọ́ ìgbìmọ̀ ti jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ti fi ẹlòmíràn sí kíláàsì náà."

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ó dúró de ìwádìí."

"A fẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n fọ́tò ibi tí ẹ ti ń kó o sẹ́yìn ọkọ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo òbí. Wọ́n ní ọlọ́pàá ti parí ìwádìí tiwọn nìyẹn."

Moríyọ̀ mú ìwé rẹ̀, ó jáde. Oyèrónkẹ́ pàdánù iṣẹ́ tó ti ṣe fún ọdún mọ́kànlá.