Ẹni Tó Dúró Sábẹ́ Bákónì

Ọkùnrin náà dá dúró sábẹ́ bákónì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, òógùn bò ó lójú, àwọn lébìrà sì ń to àpò iyẹ̀pẹ̀ jọ lókè orí rẹ̀. Bí obìnrin tí yóò máa bójú tó ilé ìkàwé tuntun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn. Ó figbe ta.

"Ẹ jáde níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

"Èmi ni mo yàwòrán ẹ̀," ni ọkùnrin náà fèsì. "Ẹni tó bá yàwòrán ilé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró sábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n bá ń di ẹrù lé e láti dán an wò. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi nìyẹn."

"Ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó ń bà mí o. Ẹ ò rí orúnkún mi ni?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

Díìnì ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin yìí. Òun ni olórí iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ayàwòrán ilé, òun náà ló ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ilé kíkọ́. Ṣùgbọ́n níwájú obìnrin yìí, a máa ṣe bí ọmọ iléèwé. Ó sọ ọ́ ní Ìyá Ìwé, ìyẹn náà sọ ọ́ ní Baba Orúnkún. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ìfẹ́ ti kó sí wọn lórí.

Ìyá obìnrin náà ló yarí pé àwọn méjèèjì ò ní fẹ́ra. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, ilé tó ń kọ́ ló wó pa á.

"Mi ò ní sin àna mi bí mo ṣe sin ọkọ mi," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Wá ẹlòmíì."

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìwé ní, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká kó ìwé lọ sórí bákónì, káwọn ọmọdé lè ráyè nísàlẹ̀." Inú Díìnì dùn sí orúkọ tuntun náà débi pé ó gbà lójú ẹsẹ̀. Kò tún ìṣirò ẹrù tí bákónì lè gbé ṣe.

Nígbà tí ṣíṣí ilé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó rí i pé bákónì ti sán, ojú ibi tó sán náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Tábìlì Ìyá Ìwé ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́. 

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi símẹ́ǹtì dí i, ká kùn ún," ni agbaṣẹ́ṣe sọ. "Ta ló máa rí i?"

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ wó o."

Ó mọ ohun tó máa ná òun. Ojú á tì í, iṣẹ́ á bọ́, ìyá obìnrin náà á sì ní, "Ṣé mo sọ?" Síbẹ̀, ó lọ bá a nílé. Ìyá Ìwé wà níbẹ̀.

"Mà, bákónì tí mo yà ti sán. Àṣìṣe tèmi ni. Mo ti ní kí wọ́n wó o. Ìjọba ti ní àwọn ò fẹ́ ìmọ̀ràn mi mọ́."

"Kí ló dé tó ò fi dí i?"

"Ọmọ yín ló máa jókòó sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mà."

Omi lé ròrò sójú ìyá náà.

"Nígbà tí ilé tí ọkọ mi ń kọ́ sán, ó dí i ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jáde. Ó ní òun kì í ṣe ojo."

Ó nu ojú rẹ̀, ó sì nawọ́ sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Jókòó, orúnkún ẹ ń gbọ̀n. Máa bẹ̀rù báyìí lórí ọmọ mi títí dọjọ́ alẹ́."